Ìrẹsì Èṣí, Èmi Ni Mo Rà Á

Màmá mi, ẹ kú ilé o, okun o. Ẹ kú ọyẹ́. Mo kí Bàbá, mo kí Délé àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Kàbà. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí gbangba ni ẹ ti dúpẹ́, gbangba náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Bí ọ̀gá mi bá rí i, kó kà á.

Ara mi le. Ooru Ọ̀tà kò jẹ́ ká mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń to ọṣẹ sínú páálí. Àárò yín ń sọ mí. Bí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ Owé, èdè ilé wa, lọ́jà, mo máa ń rọra tẹ̀ lé e bíi wèrè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débí, wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò ìrẹsì kan àti òróró lópin ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Ojú tì mí láti sọ. Mo fowó ara mi ra ìrẹsì, mo dì í sínú páálí ilé iṣẹ́ kí orúkọ wọn lè hàn, mo fi rán awakọ̀ sí yín. Ẹ sì gbé e lọ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ní pásítọ̀ gbàdúrà fún ọ̀gá mi títí. Inú bí mi, àmọ́ èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ bi mánijà bóyá bọ́nọ́ọ̀sì ṣì wà. Ó ní ọjà ò yá, ó fún wa ní kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ, pé àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹnu géètì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Délé pè mí pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, pé ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì lòun ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Irọ́ tí mo pa ló ń pè é bọ̀.

Délé, jọ̀ọ́, má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà, orúkọ mi ló ṣáájú. Bá a bá ti wọlé lẹ́yìn ọdún, a máa fún un ní ìwé náà, a ò sì ní yéé béèrè. Àmọ́ bó o bá wá dúró sí géètì yẹn, ìwọ ni wọ́n máa fi rọ́pò mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí, àtàwọn aládùúgbò. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó sì jèrè wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀