Fílítà Mọ́kànlá Tí Mo Fi Ọ̀dà Funfun Kọ Orúkọ Sí

Bàámi àtàtà,

Inú ń bí mi. Mi ò ní fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀, torí ẹ mọ̀ mí, tí mo bá ń bínú, ojú mi kì í lè gbé e pamọ́. Inú ń bí mi sí Díkínì, inú ń bí mi sí lọ́yà mi, inú sì ń bí mi sí Màámi tó jókòó sí pálọ̀ mi báyìí, tó ń wo ìwàásù lórí fóònù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá jà, ẹ sì ti lọ. Ó pé ọdún mẹ́rin. Ta ni kí n wá ro ẹjọ́ fún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Atlanta, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n sì ni. Èmi, ọmọ yín, tí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo awakọ̀ tó yà sọ́dọ̀ yín ní Ṣàgámù, pé ẹ wò ó, obìnrin ni o, tírélà ló ń tún ṣe ní Amẹ́ríkà, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Tucker. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ ò mọ Díkínì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Lithonia ló ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó ní tírélà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń dà á láàmú. Àwọn tírélà ìsinsìnyí kì í ṣe irú èyí tí ẹ lo ayé yín lábẹ́ wọn. Fílítà ńlá kan wà lójú ọ̀nà èéfín wọn, ó tóbi tó ìkòkò tí Màámi fi ń se ẹ̀wà fún àlejò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ẹ̀bu dúdú tó wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì, kó má jẹ́ kó jáde síta. Tó bá ti kún, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tí wọn ò bá dá a lóhùn, ọkọ̀ náà ò ní sáré mọ́. Bí Díkínì ṣe ń wọ́ tuuru lórí títì márosẹ̀ I-20 nìyẹn, ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ayé ń fun fèrè sí i.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan. Ó ní Aunty Mẹkáníìkì, ẹ gbà mí, àwọn dealer, iléeṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀, fẹ́ dá ọkọ̀ òun dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó ní ṣé mi ò kàn lè yọ nǹkan ọ̀hún dànù ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé! Bàámi, ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ tó kó bá mi? Torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, thermostat tó ń dí omi ẹ́ńjìnnì lọ́nà lẹ máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ ní àwọn òyìnbó ṣe é nítorí òtútù ilẹ̀ wọn ni, kí ló fẹ́ fi ooru Ṣàgámù ṣe. Ẹ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ á pòṣé, sípánà á ti wọlé. Ohun tí kò bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí, yíyọ ni. Ọkọ̀ á sì máa lọ. Mi ò rí ẹni tó padà wá bá yín jà rí.

Mo bá yọ ọ́. Mo fi páìpù lásán dí àyè rẹ̀, mo fi laptop ti ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kó lè máa rò pé fílítà ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré. Ọkọ̀ gbéra, ó lọ fìì. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, Díkínì jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ó gba makirofóònù, ó ní Ọlọ́run lo ọmọbìnrin Rẹ̀ kan láti já òun gbà lọ́wọ́ àwọn dealer. Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, ìjọ ṣe àmín, àmín náà sì dùn mọ́ mi nínú. Ẹ wo irú ẹjọ́ tí wọ́n fi àmín bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù tó tán, èèyàn mẹ́rin ti wá bá mi, ẹlòmíràn wá láti Marietta pàápàá. Nígbà tó yá, wọ́n di mọ́kànlá.

Ibi tí mo ti ṣe bí ọmọ yín jù lọ rèé. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí èèyàn bá yọ lára ọkọ̀ oníbàárà, ti oníbàárà ni. Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà pàápàá, ẹ á wé e sínú ọ̀rá, ẹ á kọ orúkọ sí i, tó bá di ọdún méjì kí ẹni náà tó padà wá, á bá a. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń ta páàtì fún àwọn tó ń ra irin, ẹ̀yin ò tà. Fílítà wọ̀nyí, irin olówó iyebíye wà nínú wọn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó tà á. Èmi ò tà. Mo tò wọ́n sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ra ọ̀dà funfun, mo kọ orúkọ oníkálukú sí tiẹ̀ lára, mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀, mo tún kọ ọjọ́ tí mo yọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára.

Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn mi ta ọkọ̀ tiẹ̀. Ẹni tó rà á gbé e lọ sọ́dọ̀ dealer, wọ́n yọjú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n rí páìpù lásán. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣe dé bá mi nìyẹn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti tú ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò tú nǹkan kan. Obìnrin náà gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá fílítà mọ́kànlá níbi tí wọ́n tò sí bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ó ka orúkọ, ó wò mí, ó tún ka orúkọ. Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa á. Lọ́yà mi sọ pé látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ òfin, òun ò tíì rí ọ̀daràn tó to ẹ̀rí sílẹ̀ de ìjọba bẹ́ẹ̀. Ọ̀daràn, Bàámi. Èmi tí mi ò jí nọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni rí!

Mo rò pé wọ́n á kàn ní kí n san owó ìtanràn ni. Lọ́yà ní rárá o. Ó ní yíyọ fílítà burú, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo fi laptop kọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló di ẹjọ́ ọ̀daràn, pé wọ́n lè rán mi lẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí ẹyọ ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n sì bá. Mo ṣe ìṣirò náà tì.

Díkínì ńkọ́? Ó lóun ò mọ ohun tí mo ṣe, pé àtúnṣe lásán lòun gbé ọkọ̀ wá fún. Ẹni tó jẹ́rìí! Ó ti kúrò ní ìlà àga tí a jọ máa ń jókòó sí. Tó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á yára gbé fóònù sétí.

Mo gbà pé mo jẹ̀bi, ó wá ku ìdájọ́. Lọ́yà kọ lẹ́tà kan sí adájọ́ lórúkọ mi. Ó kọ ọ́ pé bàbá mi ni ó kọ́ mi níṣẹ́, pé bàbá náà kò mọ̀wé, pé ibi tí mo ti wá kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, pé èmi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe burú. Ó ní àánú mi á ṣe adájọ́. Mo wo ibi tó kọ ọ́ sí pé ẹ ò mọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé bọ́ọ̀lù wá síwájú, tí ẹ ó tún bú olóòtú. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i.

Màámi ló bá mi jà. Ó ní ẹni tó ti kú, ẹ̀wọ̀n wo ni wọ́n fẹ́ fi í sí? Ó ní tí ẹ bá wà láyé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lé yín lórí. Ó wá bú sẹ́kún, ó ní tí wọ́n bá mú mi lọ, ta ni yóò gbé òun lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni yóò bá òun sọ Yorùbá nínú ilé yìí. Mo mú bírò, mo fọwọ́ sí i. Ẹ dáríjì mí. Mo fi yín ṣe aláìmọ̀kan kí n má bàa ṣẹ̀wọ̀n.

Nígbà tó dọjọ́ ìdájọ́, lọ́yà ìjọba gbé ọ̀kan nínú fílítà náà wá. Ó tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó gbọn fílítà náà sórí rẹ̀. Ẹ̀bu dúdú dà sílẹ̀, ó kúnná bí àtíkè. Ó ń ṣàlàyé bó ṣe máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sì í jáde mọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo mọ dúdú yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi wá sílé wá tọ́jú yín kẹ́yìn, èmi ni mo ń da abọ́ tí ẹ ń tutọ́ sí nù. Irú dúdú yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní èéfín ọkọ̀ ni, pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin ní òtútù àyà ni, ẹ ní kí Màámi fi àdí pa yín láyà. Kí ló dé tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀? Mo sì kúrò nídìí abọ́ yẹn, mo padà síbí, kò pé ọdún méjì tí mo fọwọ́ mi yọ fílítà àkọ́kọ́.

Adájọ́ bi mí bóyá gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà mi jẹ́ òótọ́. Mo dìde. Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi mọ̀wé. Mo ní mo mọ òfin náà, mo sì mọ ohun tí ẹ̀bu yẹn ń ṣe nínú àyà èèyàn, mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan. Lọ́yà mi fi ọwọ́ bo ojú. Màámi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán gbọ́ ìyẹn, ó pariwo Jésù.

Wọn ò rán mi lẹ́wọ̀n. Adájọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ òótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó ní kí n jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ibi tí mo wà, tí wọ́n dè mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, pé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo lè jáde lọ. Mo gbọ́dọ̀ fi fílítà tuntun sínú ọkọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, níṣojú òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù Tucker di títì, mi ò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì fún ọdún mẹ́ta. Màámi ní mo fi ẹnu ara mi ti ṣọ́ọ̀bù mi. Látọjọ́ náà, ó ń gbé oúnjẹ fún mi láìwo ojú mi.

Lánàá ni mo ṣe ti Díkínì. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò kí mi, mi ò kí i. Nígbà tí mo de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn tán, mo ní kó tẹ iná. Bí wọ́n ṣe máa ń dán an wò ni pé èèyàn á mú aṣọ funfun dí ẹnu páìpù èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mo mú un níbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tí mo gbé e wò, kò sí àmì dúdú kankan lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tírélà níṣojú gbogbo wọn, mo sunkún bí ọmọdé. Ogójì ọdún lẹ fi dúró lẹ́yìn páìpù, Bàámi, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i lẹ́nu fún yín. Mo rí ohun tí ì bá gbà yín, èmi ni mo sì ń yọ ọ́.

Ó ku ọkọ̀ mẹ́wàá.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín ju bí inú ṣe ń bí i lọ.