Àmì-Ẹ̀yẹ Ọ̀gá Mi

Ọjọ́bọ̀, Adó-Èkìtì

Wọ́n fún ọ̀gá mi àtijọ́ ní àmì-ẹ̀yẹ lónìí nítorí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe. Èmi ni mo ṣírò bí yóò ṣe máa kọjú sí oòrùn kí bátìrì rẹ̀ má baà kú lójú ọ̀run. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo wà tí oyún fi bàjẹ́ lára mi.

Ọ̀gá mi rí mi láàárín èrò. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ ìlú Ìyìn nìyẹn. Òun ló máa ń bá wa tẹ̀wé nígbà náà."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Atẹ̀wé!

Àbúrò mi obìnrin tó bá mi lọ fi ìgúnpá gún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ẹ sọ̀rọ̀!" N kò dìde.

Nígbà tí ètò parí, mo lọ bá a níbi tó ti ń ya fọ́tò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́ báyìí?" Ó fà mí mọ́ra, wọ́n sì ya àwa méjèèjì.

Èmi àti àbúrò mi jọ padà sílé.

Inú ń bí mi gidigidi, síbẹ̀ "ẹ" ni mo fi bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.