Ọkọ̀ Tó Hu Ìyẹ́ Lẹ́yìnkùlé Wa

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Gàá-Àkàǹbí,
                                        Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ummu Salamah, ọ̀rẹ́ mi láti ilé-kéú,

Àsàlámù alékúmù o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kàdúná? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun ìyá wa, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé àwọn ọmọ ti ń gbọ́ràn, àbí ìwọ nìkan lo ṣì ń pariwo nínú ilé? Ara tiwa le, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Àyà mi nìkan ni kò tíì padà sí ipò rẹ̀ láti Jímọ̀ tó kọjá. Wá ibi jókòó sí kó o tó máa ka ìyókù.

O rántí pé mo sọ fún ọ pé Bàbá Nabeelah ń kan ọkọ̀ nínú ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ fún mi pé, "Raudah, ọkọ̀ ni mò ń kàn." Àwọn páálí ńláńlá dé láti òkè òkun, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kún inú wọn, pẹ̀lú ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe tò ó pọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kan irin mọ́ irin, tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ṣé Ánábì Nuhu ni wọ́n ni. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ń lọ sí Sàríà lóṣooṣù, wọ́n ní àwọn ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Èmi tí mò ń ta iṣu lọ́jà Ipata, kí ni kí n rò? Mo ní lọ́rì ni. Mo ti ṣèlérí fún Husseinat, ẹni tó ń ta àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé a ó jọ máa fi kó ẹrù láti oko.

Ní Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, Husseinat ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ọkọ̀, kí òun lè mọ iye àpò tó máa gbà. Mo bu oúnjẹ Bàbá Nabeelah dání, a kọrí sí ìsọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ò padé! Nǹkan funfun kan ló dúró síbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ wà nímú rẹ̀, apá rẹ̀ kan nà dé ògiri ọ̀tún, èkejì nà dé tòsì. Husseinat dì mọ́ mi.

"Sùbùhánálláhi! Raudah, irú lọ́rì wo ló ń hu ìyẹ́?"

Àwo oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ òfurufú! Nínú ilé mi! Nídìí okùn tí mò ń sá aṣọ sí!

Mo figbe ta, mo ní wọ́n ti parọ́ fún mi fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n rọra nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìgbà wo ni mo parọ́? Ọkọ̀ ni mo ní mò ń kàn. Ìwọ lo di iṣu sínú rẹ̀." Ọkọ̀ ni ti ilẹ̀, ọkọ̀ ni ti omi, ọkọ̀ ni ti òkè. Èmi ni n ò béèrè èwo.

Ìjókòó méjì ló wà nínú rẹ̀. Orí èkejì ni mo ti rí tìmùtìmù mi tó sọnù láti ìgbà Iléyá, tí mo torí rẹ̀ bá gbogbo ilé jà. Wọ́n ní àyè tèmi nìyẹn. Àwọn tó ń yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ń bọ̀ láti Àbújá. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, Bàbá Nabeelah á kọ́kọ́ dá fò wò, lẹ́yìn náà, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé mi jókòó. Ìwé kan ni mo rí lára ògiri, wọ́n kọ ìwọ̀n ohun gbogbo sí i: ti ẹ́ńjìnnì, ti epo, ti àwọn fúnra wọn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá: Raudah, kílò méjìdínláàádọ́rin. Wọ́n ní ìṣirò yẹn ló ṣe pàtàkì jù, pé bí ẹrù bá wúwo ju ti inú ìwé lọ, ọkọ̀ náà lè kọ̀ láti gbéra, tàbí kó já lulẹ̀.

Ummu Salamah, irọ́ ni kílò tèmi yẹn! Ṣé o rántí pé dókítà ní kí n dín iyán kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Nabeelah gbé òṣùwọ̀n wálé, wọ́n ní kí n gùn ún. Mo lé wọn jáde ní yàrá, mo dá gùn ún. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló kọ! Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ó di gbéré pẹ̀lú iyán. Ni mo bá ní méjìdínláàádọ́rin ni. Inú wọn dùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé dókítà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún! Àwọn àgbà ní irọ́ lè sá fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Tèmi ò ju oṣù mẹ́ta lọ.

Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń sá fún wọn nínú ilé. Ojú ń tì mí, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé ikú ọkọ mi wà lẹ́nu mi. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń to àwọn ìwé jọ de àwọn ará Àbújá. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo gbé òṣùwọ̀n síwájú wọn, mo bọ́ bàtà, mo gùn ún. Wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n wojú mi. Mo ń retí èébú. Wọ́n kàn mú pẹ́ńsù, wọ́n fagi lé tèmi, wọ́n sì ń ṣírò. Wọ́n ní àpapọ̀ ẹrù ti fi kílò méjìlá ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Mo ní ó dáa, kí wọ́n yọ ìjókòó mi kúrò.

Wọ́n ní, "Jókòó sáyè rẹ. Èmi ni mo máa fi iyán sílẹ̀."

Ọkùnrin tí kì í jẹ òkèlè míì lọ́sàn-án yàtọ̀ sí iyán! Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ fi sọ pé n ò gòkè? Ẹ̀bà kékeré pọ́ńkú báyìí ni àwa méjèèjì jẹ lọ́sàn-án òní, iṣu kún ilé.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ilé. Fi àdúà rántí wa. Ọ̀rọ̀ kílò yìí o, kó má jáde lẹ́nu rẹ.

Èmi ni tìrẹ, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún gbáko,
Raudah.