Búùtà Tí O Fi Po Oògùn Ẹ̀wà

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, 1988.

Saifudeen àbúrò mi,

Sàláámù àlékúùmù. Torí pé ẹ̀sìn ní ká kíra wa ni mo fi kí ọ, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ. Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀, kí o sì jókòó kà á.

Ìyá wa ò tíì kú. Láti ìgbà tí mo ti gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní Ọjà Igbó, èébì yẹn ti dín kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n. O dúró níwájú ẹbí, o ní ìyàwó rẹ, Bushrah, ló ń fi májèlé sóúnjẹ wọn. O pè é ní apààyàn, o lé e jáde láìwọ bàtà.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì wá yẹ ẹ̀wà wò ní ìsọ̀ mi. Wọ́n gbé kámẹ́rà àti iná aláwọ̀ àlùkò dání. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n yà á lókèèrè. Wọ́n ní ibi tí oògùn kòkòrò bá wà, yóò tàn yòò nínú àwòrán. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ya ẹrù tí Ìyá kó dé.

Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n mú àwòrán wá. Abọ́ tí Bushrah fi ń bu oúnjẹ fún Ìyá dúdú kirikiri. Búùtà àlùwàlá wọn ló tàn, láti ẹnu dé ìdí! Mo bi Ìyá léèrè. Wọ́n ní: "Saifu ló fi po oògùn tó wọ́n sí ẹ̀wà tó ń tà nígbà tí garawa rẹ̀ jò. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Má bú àbúrò rẹ." Háà! Ohun tí wọ́n fi ń fọ ẹnu nígbà márùn-ún lójúmọ́! O mọ̀, Saifu, o sì gbé e ka ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ojú ò tì ọ́?

Má ta ẹ̀wà tó kù. Mo ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí bàbá Bushrah. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, kí o fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́. Bí o ò bá lọ, èmi ń bọ̀ wá gbé àwòrán tó kù kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Kí Ọlọ́run wo Ìyá wa sàn. Kó fún ọ ní ojú tó ń tijú. Kó dárí jì ọ́, torí èmi ò tíì lè ṣe é.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ràmọ́tà.

Àfikún: O mọ̀ pé n ò mọ̀wé. Bushrah ló bá mi kọ ọ́. Àtìgbà tó ti gbọ́ pé Ìyá ti wà lọ́dọ̀ mi ló ti wọkọ̀ wá síbí, òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Mo ní kó fo ibi tí o ti pè é ní apààyàn. Ó ní rárá, òun á kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́.