Léètì Tí Mo Ná Títí Tó Fi Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti àdúgbò Wedding níbí, ní Berlin. Mo kí Màmá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn, mo sì kí àwọn ọmọ wọn tí mi ò tíì fojú rí. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ èyí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé wa tó wà ní Germany kà á, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ara le, ṣùgbọ́n òtútù ti dé, afẹ́fẹ́ ibí a sì máa wọ eegun. Mo ṣì ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lichtenberg. Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa kí mi kú àbọ̀. Àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, tí mo bá fi Yorùbá kí wọn, German ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pè yín ṣáá, tí ẹ sì máa ń ròyìn rélùwéè kékeré yín fún mi.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè bá wa lọ: ẹ ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà lẹ ti ń fi idẹ ṣe ọkọ̀ ojú irin kan tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, tó máa fi ooru omi rìn lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa yí ló kù. Ẹ̀rọ léètì, èyí tó ń yí irin bìrìbìrì kí ọ̀bẹ lè gé e dọ́gba, ló lè ṣe é. Ojú yín sì ń di bàìbàì, dókítà ní òun ò lè dá a padà. Ẹ ní kí n bá yín wá léètì kékeré àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi irin gidi ṣe, tó lè jókòó sórí tábìlì.

Jürgen, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní àǹtí òun kan tó jẹ́ opó wà ní Harburg, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ Hamburg. Ọkọ wọn fi léètì sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni olóògbé ń fi ṣe. Mo wọkọ̀ lọ ní Sátidé, nínú òjò.

Bàbá, léètì náà dára! Inú Keller, yàrá abẹ́ ilé, ló wà, kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Màmá Harburg, bí mo ṣe ń pè wọ́n lọ́kàn mi, ti nù ún, wọ́n ti fi epo sí i. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo di orí rẹ̀ mú, mo mì í, kò mì. Mo yí ọwọ́ rẹ̀, ó ń lọ geerege. Wọ́n fún mi ní kọfí àti kéèkì. Wọ́n wo fọ́tò ọkọ̀ yín títí, mo sọ ti ojú yín fún wọn, wọ́n ní ọkọ àwọn ì bá fẹ́ràn yín. Mo béèrè pé èló ni. Wọ́n ní kí èmi sọ ohun tí mo rò.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bí ọjà bá ṣe wu èèyàn tó ni kó ṣe fajú ro sí i tó. Mo fajú ro. Mo ní, Màmá, ẹ̀rọ yìí ti gbó o. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, eyín jíà kan ti kán, ta ló tún ń lo irú èyí láyé òde òní? Mò ń retí kí wọ́n ní ojú mi ò ríran, ká jọ rẹ́rìn-ín, ká wá bẹ̀rẹ̀ ìnájà. Wọ́n kàn mú àkísà, wọ́n tún ń nu ọwọ́ rẹ̀ tí mo ní ó ti dógùn-ún. Mo tún wá ṣe èyí tó burú jù: mo dìde bí ẹni ń lọ, mo ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè pè mí padà. Màmá fi aṣọ bo léètì, wọ́n tẹ̀ lé mi, wọ́n bá mi mú kóòtù mi.

Ní Mọ́ńdè, Jürgen bi mí pé kí ni mo sọ fún àǹtí òun tí wọ́n fi ń sunkún. Ó ní wọn ò fẹ́ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó máa lò ó ni wọ́n ń wá, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ kí n sọ pé ó dára ni. Wọ́n ti gbé e fún aládùúgbò wọn kan. Mo pè wọ́n, mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń nájà nílé wa. Wọ́n gbọ́, wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti lọ. Wọ́n wá bi mí pé ojú bàbá mi ńkọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀bùn ni mò ń ná, Bàbá. Ó ń dùn mí gan-an. Mo ti lọ wo àwọn òmíràn láti ìgbà náà, àmọ́ orí wọn ń mì.

Bọ̀dá Délé ní ẹ ti ń gbé idẹ sún mọ́ fèrèsé kí ẹ tó rí i. Aládùúgbò Màmá Harburg, tí léètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, gbà láti bá wa gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ti fi ìbínú sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e, kí ojú yín lè bá a nígbà tó bá ń yí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á sì bá wa ṣọ́ ojú yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń bẹ̀ yín,
Akínwálé