Irinṣẹ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Fẹ́

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ wá hámà yín kiri, èmi ni mo gbé e pamọ́. Ẹ má bínú. Bí ẹ ṣe ń lu bíárìn méjèèjì ìdí pẹ́dà kẹ̀kẹ́ yín lánàá, àwọn òrùka irin tó ń jẹ́ kí pẹ́dà yí, kí wọ́n lè jáde, ṣe ni àyà mi ń já. Bí ojú ihò férémù bá fẹ̀ díẹ̀ péré, bíárìn tuntun ò ní fún níbẹ̀ mọ́.

Mo yà lọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta láàárọ̀ yìí. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n kó síwájú mi. Ọ̀kan dà bíi páìpù tí ẹnu rẹ̀ là sí mẹ́rin. Ẹ̀yìn bíárìn la ó ti fi lù ú jáde. Ìkejì ní irin gígùn kan tí à ń fi sípánà yí, tó ń fa bíárìn jáde díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, èwo ló yá jù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, èyí tí à ń lù ni ọkọ rẹ máa fẹ́. Èyí tó ń fà ni kẹ̀kẹ́ máa fẹ́."

Èyí tó ń fà ni mo yá. Mo dán an wò kí n tó jáde, bíárìn ọ̀tún sì rọra yọ bí eyín ọmọdé. Bíárìn náà wà nínú àwo lórí tábìlì, irinṣẹ́ tí mo yá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹ wò ó kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Mo lè yọ tòsì náà, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ fi bá a jà; kò yẹ kí n gba gbogbo ìṣẹ́gun náà mọ́ yín lọ́wọ́.