Ìyẹ̀fun Tó Lé Sìlíńdà Lọ

Bàámi,

Ọmọ yín ti di ìyàwó ilé o. Yàrá kan ní Mushin la ń gbé, kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń ṣe wẹ́dà. Táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.

Délé ni ọkọ mi ń jẹ́. Láàbù kan ní Yaba ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùkù àgbàdo tí àwa ń jù nù ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Wọ́n á fa nǹkan bí òróró jáde lára rẹ̀, wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní háídírójìn sí i, kó lè di ohun tí wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù.

Inú sìlíńdà gíga ni afẹ́fẹ́ yẹn wà, ó sì máa ń gbiná. Ẹ mọ ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí Délé fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Sìlíńdà ló bú gbàmù tó mú yín lọ. Ẹ máa ń fi ìfóòfó ọṣẹ sí ẹnu páìpù kí ẹ tó tan iná, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ṣé ẹ fi ọṣẹ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún Délé. Tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, mi ò lè jẹun. Ìgbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà ni mo kàn sọ ọ́ lójijì. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní àbí ìdí tí mo ṣe ń gbẹ bíi pańla nìyẹn.

Ó wá ṣàlàyé pé àwọn ń gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ìyẹ̀fun funfun kan wà, bíi láfún, irú irin kan tí wọ́n ń pè ní sìkóníọ́mù ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ òróró yẹn àti irú sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá wa, tí wọ́n gbé e kaná, ìyẹ̀fun náà á jẹ́ kí háídírójìn inú sípíríìtì bọ́ sínú òróró. Wọn ò ní nílò sìlíńdà mọ́. Ìyẹ̀fun náà kì í tán, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún lò ó. Ṣùgbọ́n Dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní tí kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì bíi ti àkọ́kọ́, sìlíńdà làwọn máa padà sí.

Lẹ́ẹ̀kejì, kò ṣiṣẹ́. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbàdúrà fún ìyẹ̀fun, Bàámi, èmi yìí. Délé ní ìdọ̀tí ló bò ó. Ó gbé e sínú ààrò wọn tó gbóná gan-an, ìdọ̀tí jóná kúrò lára rẹ̀, ó tún funfun. Wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá gbé sìlíńdà náà lọ. Délé mú mi lọ wo láàbù. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà. Ní igun kan, àmì ìpẹtà róbótó ló kù nílẹ̀ níbi tí sìlíńdà dúró sí tẹ́lẹ̀. Mo lọ dúró lé e, mo sì wà níbẹ̀ títí Délé fi ní ká máa lọ.

Èmi ọmọ yín tó ṣì fẹ́ràn yín,
Ìyàwó Délé